Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Pọ́díkáàsì Tí Ó Yẹ Kí Alukoro Máa Gbọ́

Lẹ́tà tí a rí gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Mo yan mẹ́fà, mo gé àwọn tí ó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n kúrò, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń rojọ́ wọn. Pọ́díkáàsì tí a ń wí ni ètò ọlọ́hùn tí wọ́n ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olúkúlùkù lè gbà sórí fóònù rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Alukoro ni mo sì ń pe gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró láàrin ilé-iṣẹ́, ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan àti àwọn ará ìlú, ì báà jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n gbé mi láti ẹ̀ka ìṣirò owó lọ sí ẹ̀ka alukoro ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. N kò kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì rárá. Láti Mọ́níyà ni mo ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Challenge láràárọ̀, mo sì máa ń lo tó wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní àlọ àti àbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa fi àkókò náà gbọ́ pọ́díkáàsì, ó sì fi orúkọ mẹ́tàlélógún ránṣẹ́ sí mi. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? (Òṣìṣẹ́ tuntun, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrìn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ yọ ogún kúrò nínú mẹ́tàlélógún náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ pọ́díkáàsì tí wọ́n ṣe fún àwọn alukoro ni ó jẹ́ pé ẹni tí ń ta ìmọ̀ràn fún àwọn ilé-iṣẹ́ ni ó dá a sílẹ̀, àlejò rẹ̀ a sì jẹ́ ẹlòmíràn tí ń ta irú ìmọ̀ràn kan náà. Wọn a yin ara wọn fún ogójì ìṣẹ́jú, wọn a dárúkọ irinṣẹ́ tuntun mẹ́ta, nígbà tí ètò bá sì parí, ẹni tí ó gbọ́ ọ kò ní rí ohun kan pàtó dì mú tí yóò ṣe lọ́jọ́ kejì. Ohun tí alukoro nílò jù lọ ni kí ó mọ bí ọ̀rọ̀ òun ṣe ń dún létí ẹni tí kì í gba owó oṣù níbi tí òun ti ń gbà á. Nítorí náà, àwọn ètò tí àwọn akọ̀ròyìn ti ń dá wa lẹ́jọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ júwe fún èèyàn, kí n tó dárúkọ àwọn tí àwa alukoro ti ń dá ara wa láre.

Ẹ fi When It Hits the Fan bẹ̀rẹ̀. BBC Radio 4 ni ó gbé e jáde ní 2023, abala kọ̀ọ̀kan kò sì gùn ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Atọ́kùn méjì ni ó ní. David Yelland ni olóòtú ìwé ìròyìn The Sun láti 1998 sí 2003, ní àkókò tí orí àwọn gbajúmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í balẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé oníròyìn The Sun ń wá wọn lórí fóònù. Simon Lewis ní tirẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó di ipò akọ̀wé ìbánisọ̀rọ̀ mú fún Ọbabìnrin Elizabeth ní ààfin Buckingham, kí ó tó wá di agbẹnusọ fún Gordon Brown nígbà tí ìyẹn ń ṣe olórí ìjọba. Ẹ wo bí ìjókòó wọn ṣe rí: ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ, àti ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di aṣọ náà mú. Bí ọ̀ràn kan bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, èkíní yóò sọ ohun tí olóòtú ìwé ìròyìn ń rò nígbà tí àtẹ̀jáde ilé-iṣẹ́ náà dé orí tábìlì rẹ̀, èkejì yóò sì sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ti ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti kọ àtẹ̀jáde náà. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ètò yìí ju gbogbo àwọn tí ó jọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn jókòó kí ẹ máa mi orí sí i. Bí wọ́n bá ti ròyìn bí ọ̀ràn náà ṣe ṣẹlẹ̀ tán, tí wọn kò sì tíì sọ èrò wọn, ẹ dá a dúró. Ẹ ronú gbólóhùn méjì tí ẹ̀yin ìbá kọ́kọ́ fi síta ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè bí ojú àwọn tí ẹ jọ wọkọ̀ kò bá tì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, kí ẹ sì fi tiyín wé tiwọn. Lẹ́yìn ogún abala, ẹ óò rí i pé ọwọ́ yín ti yá sí i, nítorí pé ní ọjọ́ tí wàhálà bá dé bá ilé-iṣẹ́ yín ní tòótọ́, kò sí ẹni tí yóò fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan láti ronú. Àléébù ètò náà ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá àti olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, ẹ fò ó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ètò tí àwọn oníròyìn ń ṣe nípa iṣẹ́ ara wọn. The Media Show wà lórí Radio 4 láti 2008. On the Media sì ń wá láti ilé-iṣẹ́ rédíò WNYC ní New York, Brooke Gladstone sì ni ọ̀kan nínú àwọn atọ́kùn rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tí wọ́n ṣe torí tiwa, àǹfààní rẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Ẹ óò gbọ́ ìdí tí olóòtú fi gbé ìròyìn kan sí iwájú, tí ó sì jù òmíràn sẹ́yìn. Ẹ óò gbọ́ bí owó ìpolówó ọjà tí ń dín kù ṣe ń dín iye oníròyìn kù, tí ẹnìkan ṣoṣo fi ń ṣe iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́rin ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ èyí dáadáa kò tún ní máa pe akọ̀ròyìn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ láti béèrè bóyá ó ti rí ímeèlì òun.

Nínú èyí tí àwa alukoro ń ṣe fún ara wa, For Immediate Release ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Neville Hobson tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Shel Holtz tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, oṣù márùn-ún kí Apple tó gbé pọ́díkáàsì sínú iTunes, ètò rẹ̀ tí èèyàn fi ń gbọ́ orin. Àwọn méjèèjì kì í gbà pẹ̀lú ara wọn nígbà gbogbo, wọn kì í sì í fi í pamọ́. Gini Dietrich náà ní Spin Sucks, ibẹ̀ sì ni ẹ óò ti gbọ́ àlàyé rẹ̀ lórí ọ̀nà mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà dé etí ará ìlú: èyí tí a sanwó fún, èyí tí oníròyìn fúnra rẹ̀ rí pé ó yẹ ní gbígbé, èyí tí àwọn èèyàn ń pín fún ara wọn, àti èyí tí a gbé sí ojú-òpó tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ẹ̀ka ìṣirò owó wá yóò tètè lóye rẹ̀, nítorí pé ó jọ ìwé ìṣirò.

Èyí tí mo fẹ́ fi parí kò dárúkọ iṣẹ́ wa rárá. Tim Harford, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ń kọ̀wé fún Financial Times, ni ó ń ṣe Cautionary Tales láti 2019, ìtàn àṣìṣe ńláńlá sì ni ó ń sọ níbẹ̀. Abala àkọ́kọ́ rẹ̀ dá lórí Torrey Canyon, ọkọ̀ epo tí ó kọlu àpáta létí gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1967, tí epo tí ó ju 100,000 tọ́ọ̀nù lọ sì dà sínú òkun. Ọ̀gá inú ọkọ̀ náà ń sáré kí ó lè bá àkókò tí omi kún ní èbúté tí ó ń lọ; bí ewu ti ń pọ̀ sí i tó ni ó túbọ̀ ń di èrò rẹ̀ àkọ́kọ́ mú. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀jáde. Gbogbo wa rí àpáta náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti buwọ́ lùwé, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò ní kí a yí ọkọ̀ padà.

Ìbéèrè: Mo máa ń lo Google Podcasts tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i mọ́. Lọ́nà kejì, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni ètò wákàtí kan ń jẹ nínú dátà? Owó dátà ti wọ́n. (Akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà)

Ìdáhùn: Google ti pa Google Podcasts dé ní 2024. Ẹ lo AntennaPod bí fóònù yín bá jẹ́ Android. Ọ̀fẹ́ ni, kì í polówó ọjà sí èèyàn létí, ó sì ní ibi tí ẹ ti lè dín eré ọ̀rọ̀ kù bí atọ́kùn bá ń yára jù. Ẹni tí ó bá ní iPhone ti ní Apple Podcasts nínú rẹ̀. Ní ti dátà, wákàtí kan tí wọ́n ká ohùn rẹ̀ ní ìwọ̀n 64 kbps (ìyẹn iye dátà tí ohùn náà ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) yóò jẹ nǹkan bíi 29 MB. Bí ó bá jẹ́ 128 kbps, yóò tó 58 MB. Ètò kan náà tí ẹ bá wò bí fídíò lórí YouTube yóò jẹ ìlọ́po mélòó kan ìyẹn. Ẹ gba abala ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí Wi-Fi bá wà, kí ẹ sì pa dátà nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ alukoro ìjọba lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní àkókò tiwa, ìwé ìròyìn méje ni a ń kà kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, a sì mọ olóòtú kọ̀ọ̀kan dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo fi sílẹ̀ nínú ẹ̀ka náà ti ki íápíìsì bọ etí, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni wọ́n ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò kọ́ wọn bí a ṣe ń bá ará Òṣogbo sọ̀rọ̀? (Bàbá àgbà, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àjọṣe o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó fèsì, nítorí pé ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo fara mọ́, ìdajì kejì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí.

Ẹ ó rántí pé nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ Rediffusion dé Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn èèyàn wa sọ ọ́. Wọ́n rí ohun kan nínú àpótí ara ògiri yẹn tí àwọn tí ó gbé e wá kò rí: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Ní òde òní, rédíò ti ń gba èsì. Aago méje àárọ̀ kò ní tíì lù tí àwọn olùgbọ́ yóò fi máa pe orí ètò láti Ìkirè, láti Ẹdẹ, láti inú ọjà, láti orí ọ̀kadà. Pọ́díkáàsì ni ó wá padà di asọ̀rọ̀mágbèsì. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá àwọn ọ̀gá, kí wọ́n gbọ́ pọ́díkáàsì. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe balẹ̀, kí wọ́n yọ íápíìsì, kí wọ́n tan rédíò Yorùbá ní àkókò tí wọ́n ń ka kókó inú ìwé ìròyìn fún ará ìlú.

Ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti gba ẹ̀kọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin láìsọ fún àwọn oníbàárà, èmi ni mo sì kọ àtẹ̀jáde tí a fi tọrọ àforíjì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, mo sì lo gbólóhùn tí gbogbo wa máa ń lò, èyí tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìnira yòówù tí ó lè ti ṣẹlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, atọ́kùn ètò kan lórí rédíò túmọ̀ rẹ̀ báyìí: “Wọ́n ní bí ó bá ni ẹnikẹ́ni lára, kí onítọ̀hún má bínú.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní: “‘Bí ó bá’ kẹ̀? Ṣé wọn kò mọ̀ pé ó ni wá lára ni?” Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni àwọn olùgbọ́ fi pe orí ètò náà lọ́jọ́ yẹn. Kò sí àṣìṣe kankan nínú Gẹ̀ẹ́sì mi, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára rẹ̀, ó hàn gbangba pé n kò tọrọ àforíjì rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń sọ gbogbo àtẹ̀jáde mi ní Yorùbá sókè kí n tó fi ránṣẹ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé ètò tí ìjọba fi ń san lára owó epo ti dópin. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni; kò ní ìbínú tàbí ìfẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n “owó ìrànwọ́ orí epo” ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn Yorùbá ń pè é. Bí ẹ bá ti sọ fún èèyàn pé ẹ yọ ìrànwọ́ kúrò, a jẹ́ pé ẹ ti sọ fún un pé ẹ kò ràn án lọ́wọ́ mọ́, kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Kò sí pọ́díkáàsì Lọ́ńdọ̀nù tí yóò sọ èyí fún alukoro.

Síbẹ̀, bàbá, ẹ má jẹ́ kí a da ti òkèèrè nù. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé kí wọ́n máa bi ọ̀ràn òkèèrè kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ṣé èyí lè rí bẹ́ẹ̀ nílé wa? Àpẹẹrẹ kan ni ti KFC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejì ọdún 2018, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń bá wọn kó ẹran adìyẹ, tí ẹran kò sì dé, tí ó ju ìdajì nínú nǹkan bí 900 ilé oúnjẹ wọn lọ tí ó ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n ra odindi ojú ìwé nínú àwọn ìwé ìròyìn, wọ́n ya àwòrán páálí adìyẹ tí ó ṣófo, wọ́n sì to lẹ́tà mẹ́ta inú orúkọ wọn padà títí ó fi fẹ́ jọ èébú. Àwọn ará ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dárí jì wọ́n; àwọn oníṣẹ́ wa káàkiri ayé sì ń yìn ín títí di òní. Èmi kò ní dábàá irú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kankan ní Òṣogbo. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá ń bẹ̀bẹ̀ kì í dápàárá. Bí ó bá kọ́kọ́ dápàárá, wọn yóò ní kò tíì mọ ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n alukoro tí ó bá ti jiyàn lórí ọ̀ràn KFC yìí fún wákàtí kan ti ronú nípa àforíjì ju ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lọ.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti gbọ́ gbogbo ètò wọ̀nyí fún ọdún kan, ṣé mo ṣì nílò ìwé ẹ̀rí NIPR, ẹgbẹ́ àwọn alukoro ní Nàìjíríà? (Olùbéèrè, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni o. Láti 1963 ni ẹgbẹ́ náà ti wà, òfin 1990 ni ó sì fún un ní àṣẹ láti máa fi orúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ àti láti máa bójú tó ìwà wọn lẹ́nu iṣẹ́. Pọ́díkáàsì kò lè fún yín ní nọ́ńbà ẹgbẹ́.

Ìbéèrè: Mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀gá mi a máa fún mi ní gbólóhùn tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn oníròyìn, n kì í sì í ní àǹfààní láti béèrè bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Ǹjẹ́ pọ́díkáàsì kan wà tí ó lè kọ́ mi bí mo ṣe lè béèrè láìjẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi? (Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham)

Ìdáhùn: Ẹ̀rù tí ń bà yín yẹn, ẹ má jẹ́ kí ó tán. Pọ́díkáàsì tí mo mọ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ yín mu kò kọ́ni bí a ṣe ń béèrè. Iye tí àìbéèrè ń náni ni ó fi hàn. Orúkọ rẹ̀ ni The Great Post Office Trial, akọ̀ròyìn Nick Wallis ni ó ṣe é fún BBC Radio 4 láti 2020. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún ti gbọ́ ìtàn náà, ṣùgbọ́n fún àwọn òǹkàwé wa nílé: láti 1999 ni ilé-iṣẹ́ Post Office ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Horizon, tí Fujitsu ṣe. Ètò náà a máa fi hàn pé owó sọnù níbi tí owó kankan kò ti sọnù. Àwọn tí ń bójú tó ilé-ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké ládùúgbò ni wọ́n kó ẹ̀sùn lé lórí. Láàrin 1999 sí 2015, ó ju 900 lọ nínú wọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé.

Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn alukoro wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ìròyìn Computer Weekly gbé ọ̀ràn náà jáde ní 2009, èsì ilé-iṣẹ́ náà sí i lẹ́yìn ìgbà náà sì ni pé ètò Horizon dúró ṣinṣin, pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ títí ó fi dà bí orin. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019 ni adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, nínú ẹjọ́ tí 555 nínú àwọn tí ń bójú tó ilé-ìfìwéránṣẹ́ náà pè, sọ pé àléébù wà nínú kọ̀ǹpútà náà ní tòótọ́. Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹ ka 1999 sí 2019, kí ẹ wo iye tí ó jẹ́. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ẹ̀bi mọ́kàndínlógójì lẹ́ẹ̀kan náà, òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ní 2024 sì fagi lé ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún yòókù.

Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ẹ má wulẹ̀ bínú sí àwọn ọ̀gá nìkan. Ẹ máa fetí sí ibi tí wọ́n ti ka èsì ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì bi ara yín pé: ta ni ó tẹ gbólóhùn yìí? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹnìkan bí ẹ̀yin, tí wọ́n fún ní ọ̀rọ̀, tí kò sì mọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà. Ní ti bí ẹ ó ṣe béèrè, ọ̀nà tí mo ti gbà rí tí kò dá ìjà sílẹ̀ ni pé kí ẹ gbé ìbéèrè náà sí ẹnu oníròyìn. Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì fún ọ̀gá yín pé: “Wọ́n lè bi wá pé ta ni ó yẹ èyí wò, ọjọ́ wo ni ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn?” Ọ̀gá kì í bínú sí ẹni tí ó ń bá a múra sílẹ̀. Bí kò bá sì fèsì, ímeèlì yín wà níbẹ̀, déètì rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ lè fi The Dropout kún un, èyí tí ABC News ní Amẹ́ríkà ṣe ní 2019 lórí ilé-iṣẹ́ Theranos. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti gbọ́ bí àwọn ìwé ìròyìn ńlá ṣe ń yin ẹ̀rọ ìyẹ̀jẹ̀wò tí kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe wí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá wa ti rí i pé gbogbo ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń lọ sórí pọ́díkáàsì. Ó ní kí n wá ọ̀kan tí yóò gba òun lálejò kí oṣù yìí tó parí. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí ó dára? (Alukoro, Ìkẹjà)

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ gbọ́ abala mẹ́ta tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ètò yòówù tí ẹ bá ń rò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Ohun tí ó yẹ kí ẹ tẹ́tí sí kì í ṣe bí atọ́kùn ṣe gbajúmọ̀ tó. Ẹ fetí sí bí ó ṣe ń dákẹ́. Àwọn atọ́kùn kan wà tí wọn a dákẹ́ lẹ́yìn tí àlejò bá ti fèsì tán. Àlejò tí ara rẹ̀ kò gba ìdákẹ́jẹ́ yóò wá máa sọ ohun tí kò ní í lọ́kàn láti sọ. Ẹ tún wo gígùn rẹ̀. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ọ̀gá yín yóò rántí ohun tí ẹ jọ múra. Ní wákàtí kejì, tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ti mu omi, yóò rò pé inú ilé ọ̀rẹ́ òun ni òun wà.

Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ni ó ba Gerald Ratner jẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, ọkùnrin yìí, tí ó jẹ́ ọ̀gá ọ̀wọ́ ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde láti bá àwọn olórí ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dápàárá pé ọ̀kan nínú ọjà òun kò ní láárí rárá, àti pé yẹtí kan tí àwọn ń tà kò wọ́n tó búrẹ́dì oníedé, kò sì dájú pé yóò pẹ́ tó o. Inú gbọ̀ngàn dùn. Ìwé ìròyìn gbé e ní ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà sì yẹra. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì pa orúkọ rẹ̀ dà sí Signet ní 1993. Nígbà náà, ó gba kí oníròyìn wà nínú gbọ̀ngàn. Lónìí, wọn yóò gé ààbọ̀ ìṣẹ́jú nínú wákàtí méjì, yóò sì wà lórí WhatsApp kí ọ̀gá yín tó délé.

Bí ó bá sọ pé òun kò ní àyè láti gbọ́ abala mẹ́ta náà, ẹ gbọ́ ọ fún un, kí ẹ sì kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tí yóò lè kà nínú ọkọ̀: ìbéèrè tí atọ́kùn náà fi máa ń ṣílẹ̀kùn, ìbéèrè tí ó máa ń fi pamọ́ di ìparí, àti ọ̀rọ̀ kan tí àlejò tí ó lọ ṣáájú sọ tí àwọn èèyàn ṣì ń pín kiri. Ẹ fi ohùn àlejò náà hàn án lórí fóònù yín, kí ẹ má sọ ohunkóhun lé e, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀.